Bàrà Tí Wọ́n Ní Ká Fẹsẹ̀ Tẹ̀

Obìnrin tó fún mi ní èso náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mu ún. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun sọ ni pé, ní ìlú àwọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Etí mi ò di, Gẹ̀ẹ́sì tó sì fi sọ ọ́ kò le ju èyí tí ẹni tó já ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà lè gbọ́ lọ. Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí àgbàlagbà kan wojú mi, tó bi mí pé, "Ṣé wọn kì í mu ún ni?", ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Wọ́n ń mu ún, Dádì."

Dádì yìí kọ́ ló bí mi. Òun àti bàbá mi jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà n'Íbàdàn ni. Bàbá mi kú, òun wá sí Àmẹ́ríkà. Nígbà tí èmi náà rí ọ̀nà débí, ó ní kí n wá máa gbé inú bésímẹ́ǹtì òun ní Fairwood títí ẹsẹ̀ mi á fi múlẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún mélòó kan báyìí, ẹsẹ̀ náà ṣì ń wá ilẹ̀ tí yóò mú.

Fairwood jẹ́ ibi tí koríko iwájú ilé kan kò ti gbọdọ̀ ga ju ti èkejì lọ. Bí tìẹ bá ga, ìgbìmọ̀ àdúgbò á ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n mọ àwọ̀ tí o lè kun ilẹ̀kùn rẹ, wọ́n mọ ọjọ́ tí ike ìdọ̀tí rẹ lè jáde síta àti wákàtí tó gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn ibẹ̀ bí ojú. Wọ́n sá kúrò lábẹ́ ìjọba tí kò bójú tó nǹkan kan, wọ́n wá fi owó ara wọn ra ìjọba tó ń bójú tó koríko.

Nínú ilé náà, ìwé ẹ̀rí ló wà lára ògiri bí àwòrán. Ti Dádì wà níbẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Suitland títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ti ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, wà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì ni, ọ̀gá sì ni láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Ti àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, àwọn tó ti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí bàbá wọn lórí fóònù. Tí wọ́n bá wálé, tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ nídìí tábìlì, oníkálùkù á sọ tirẹ̀. Tó bá kàn mí, wọ́n á bi mí bóyá mo tún fẹ́ ẹran. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú ìkà o. Ẹran náà sì máa ń pọ̀.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé Dádì ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Oògùn oníhóró ló ń lò sí i tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí ṣúgà náà ò bá wálẹ̀ kí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ tó pé, abẹ́rẹ́ ló kàn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gún ara rẹ̀ níkùn lójoojúmọ́ ayé.

Dádì lè bá ọ̀gá òyìnbó jiyàn títí òyìnbó á fi tọrọ gáfárà. Àmọ́ tó bá rí abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀kùn. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìyá òun lábẹ́rẹ́ ni ìyá òun bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Mọ́mì ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. "Dádì, abẹ́rẹ́ ò pa ìyá yín. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gún un ni. Ẹ̀yin náà sì rèé, ìrẹsì lẹ fẹ́ kó pa yín."

"Ìrẹsì wo? Ṣíbí mélòó ni mo jẹ lánàá?"

"Ẹ má sọ iye ṣíbí fún mi. Ṣíbí wo lẹ lò? Èyí tí mo fi ń bu oúnjẹ àlejò lẹ fi ń jẹun!"

Dádì á wò mí bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Èmi á máa wo ẹran mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọkùnrin ìjọ wa máa ń dúró síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ oògùn. Mẹ́tọ́díìsì ni wá, a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ewé àti egbò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìta kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnjiníà wà ńbẹ̀, oníṣirò owó wà ńbẹ̀, àwọn tí wọn kì í buwọ́ lu ìwé kankan níbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ti buwọ́ lù ú ṣáájú wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ti oògùn, ahọ́n nìkan ló ń buwọ́ lù ú. Ìmọ̀ wọn ò ju báyìí lọ: ṣúgà dùn, nítorí náà ohun tó bá korò ni yóò lé e. Bí ó bá ti korò tó, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà yóò ti sáré tó.

"Ewúro ni mo ń fún mu lárààárọ̀. Láìfọ̀ o! Tí o bá ti lè fọ̀ ọ́, o ti sọ ọ́ di ọbẹ̀."

"Ewúro kẹ̀? Ejìnrìn ni bàbá wọn."

"Ejìnrìn ibo? Èyí tí wọ́n ń kó tà nínú fríìsà? Òtútù ti pa gbogbo agbára rẹ̀."

Dádì á dúró láàárín wọn, ọwọ́ lẹ́yìn, á máa gbọ́. Ó ti lo ewúro. Ó ti lo ejìnrìn. Ohun tó korò jù wọ́n lọ ló ń wá.

Iṣẹ́ tèmi wà ní Langley Park, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin ará Íńdíà kan. Mo ń to ẹ̀wà, mo ń to ìrẹsì, mo ń ṣa ilá tó ti rọ kúrò lára èyí tó le. Àwọn tó ń bá wa rajà, èdè wọn ò lóǹkà, àmọ́ gbogbo wọn ló ń pe oníṣọ́ọ̀bù náà ní Àǹtí. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó tó Mọ́mì lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ń tú páálí kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ránṣẹ́ láti ilé. Ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀, gbòǹgbò wà níbẹ̀, àwọn nǹkan roboto kan sì wà nísàlẹ̀, wọn ò ju ọsàn kékeré lọ, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n fúyẹ́ bí ẹyin tí wọ́n ti fa inú rẹ̀ jáde. Ọ̀kan fọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo rí inú rẹ̀ tó dà bí kànìnkànìn, mo rí àwọn hóró pẹlẹbẹ tó tò síbẹ̀.

Mo pariwo. "Áà! Bàrà!"

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí oko mọ ohun tí mò ń wí. Lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi, bàrà ń fà nílẹ̀ káàkiri. A ó fọ́ ọ, a ó jẹ́ kó rà, a ó fọ hóró rẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀gúsí. Ara èso náà ńkọ́? Ewúrẹ́ á gbóòórùn rẹ̀, á yí ojú kúrò. Mo wá rò pé ohun kan náà nìyí, pé bàrà wa ló rìnrìn àjò lọ sí Íńdíà tó sì gbẹ dànù síbẹ̀. Ojú jọra. Mo ti rí àwọn ìbejì tí ọ̀kan jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn tí èkejì jẹ́ olè, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Mo bi Àǹtí pé, "Ẹ̀yin náà ń jẹ hóró rẹ̀?" Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, mò ń yí i sí èdè wa ni.

"Jẹ kí ni? Ṣé ayé sú ọ ni?"

Ó ní inú iyanrìn ló ń hù ní agbègbè tí òjò ò ti mọ ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Ó ní àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àwọn mọ̀ ọ́n láti ayé ìgbà àwọn baba ńlá: fún ẹni tí ìgbẹ́ ti kọ̀ fún, fún ibà pọ́njú, fún ikùn tó wú, gbòǹgbò rẹ̀ fún oríkèé tó ń ro ni. "Ṣùgbọ́n èyí tó lè lẹ̀ mọ́ èékánná báyìí," ó fi ìka han mí, "pẹ̀lú atalẹ̀ àti nǹkan mìíràn tí kò ní jẹ́ kó fa ìfun ya. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é. Aboyún ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ìyá mi ò jẹ́ fún ènìyàn láé. Màlúù tí inú rẹ̀ bá wú ló ń fún."

"Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan gbà pé ó ń wo ṣúgà. Wọ́n á dà á sínú abọ́ ńlá, aláìsàn á bọ́ bàtà, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìkorò rẹ̀ á fi gun ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí ahọ́n.

"Ó ń ṣiṣẹ́?"

"Bàbá ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ títí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ṣúgà ló pa á." Ó fa ike oògùn ilé ìwòsàn yọ nínú báàgì ara rẹ̀, ó mì ín létí mi, ó ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. "Èyí ni èmi ń lò."

"Kí wá lẹ fẹ́ fi ìwọ̀nyí ṣe?"

"Bi ẹ̀gbọ́n mi. Ó rò pé kò sí nǹkan kan ní Àmẹ́ríkà." Ó kó wọn sínú ọ̀rá kan, ó nà án sí mi. "Gbà, lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ ń rùn."

Nínú gbogbo ohun tí obìnrin yìí sọ, èyí tó wù mí ni mo gbé délé. Mo gbé ìkorò tó ń gun láti ẹsẹ̀ dé ahọ́n. Bàbá ọkọ tó kú, mo fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo dé. Mo da bàrà náà sórí tábìlì níwájú Dádì, mo sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó dìde jókòó dáadáa.

"Àwọn Íńdíà ló ń lò ó?"

"Àwọn ni, sà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

"Áà. Àwọn yẹn mọ̀wé."

Ká ní ara ọgbà ìyá àgbà mi ni mo ti já a ni, yóò ní ta ló ṣe ìwádìí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ti di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó gbé ọ̀kan wò, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó lu tábìlì.

"Dókítà mi gan-an, Íńdíà ni! Wo ìwà ìkà. Ó ń kó hóró òyìnbó fún mi, ó wá fi èyí pamọ́ fún àwọn ẹbí rẹ̀!"

Bésímẹ́ǹtì la ti bẹ̀rẹ̀. Mo da bàrà sínú báàfù ìfọṣọ, Dádì ká ṣòkòtò dé orókún, ó di èjìká mi mú, ó gùn ún. Ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń dìde kí ní Suitland, òun ló ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ gbì gbì bí ẹni ń gún ẹ̀kùrọ́. Èso náà ń ṣẹ́ kàkà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó ti korò, Dádì?"

Ó la ètè. "Kọfí àárọ̀ ni mò ń tọ́ wò."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i."

"Ó ń yún mi. Ṣé ó yẹ kó máa yúnni?"

"Agbára rẹ̀ nìyẹn, sà."

Kí ni mo mọ̀? N kò mọ nǹkan kan. A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, Mọ́mì á lọ síbi iṣẹ́, àwa á sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tiwa. Ìkorò náà ò kọjá kókósẹ̀. Nígbà tó yá, Dádì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń fi aṣọ nu ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ẹsẹ̀ jìnnà sí ẹnu jù. Ṣé wọn kì í mu ún ni?"

Ìgbà yẹn ni mo purọ́. Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Látìgbà tí mo ti dé ilé yẹn, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kan tó sì dákẹ́ dúró gbọ́ ìdáhùn. Dádì dákẹ́. Ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo dókítà. N kò lè sọ fún un pé rárá, pé màlúù ni wọ́n ń fún. Mo tún rò ó nínú ara mi pé bí ìkorò rẹ̀ bá lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè, mélòó mélòó ni bó bá gba ọ̀fun.

Èmi ni mo ṣe é. Mo mú omi orí ògì tí Mọ́mì fi sínú fíríìjì, mo fọ́ bàrà tó kù, mo yọ hóró rẹ̀, mo rún ara rẹ̀ sínú ike wàrà ńlá, mo sì da omidùn náà lé e. Bí ìyá àgbà mi ṣe ń rẹ àgbo nìyẹn. Àǹtí ní ìwọ̀n èékánná. Mo rò ó pé ahun ni àwọn ará Íńdíà. Ta ló ń fi èékánná mu oògùn? Oògùn Yorùbá kì í ṣe ti ìka, ti ife ni: ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, kí ìdílé tó kù mu ìyókù.

Dádì gbé ife àkọ́kọ́ mì. Ojú rẹ̀ kó jọ sí ibì kan bí aṣọ tí wọ́n fún. "Yéè! Ìyá mi o!"

Inú mi dùn. Ìkorò tó le báyìí, ṣúgà wo ló fẹ́ dúró?

Kò pẹ́ tó fi sáré lọ sí balùwẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ń jáde! Ṣúgà ń jáde!"

"Ẹ kú oríire, sà!"

Ó tún fi ọgbọ́n kan kún un. Ó ní oògùn méjì kì í gbé inú kan, pé wọ́n á jà. Nítorí náà, hóró tí Mọ́mì ń fún un láàárọ̀, á gbà á, á sọ pé "Ẹ ṣé, olólùfẹ́," á sì rọra tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìkòkò òdòdó tó wà létí fèrèsé. Mo rí i. N kò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn náà mọ́ tèmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bẹ́líìtì Dádì ti wọ ihò tuntun. Àwọn ọkùnrin ibi mọ́tò yí i ká.

"Dádì, ẹ ti fọn! Kí lẹ ń lò?"

"Oore-ọ̀fẹ́ ni."

"Oore-ọ̀fẹ́ ti wà látọjọ́ yìí, ikùn yín ò dínkù. Ẹ fún wa ńbẹ̀, ẹ má ṣahun."

"Ẹ lọ gbàdúrà tiyín."

Ó kọ̀, kò fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ̀rù kí ó má tán. Látìgbà náà ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ahun tó wọ Dádì lára lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀mí ẹnjiníà mẹ́ta ló gbà là.

Ọjọ́ Ìkórè ni ó ṣẹlẹ̀. Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ kó lè múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà nísàlẹ̀, mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo gbọ́ tó pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Kò pè é ní Dádì. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ló pè. Irin ìlọṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Dádì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí ìwé. Ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wà. Ó ń gbìyànjú láti sọ fún Mọ́mì pé kó má bínú, pé òun ń bọ̀ wá múra. Nígbà tí mọ́tò ilé ìwòsàn dé, gbogbo àdúgbò jáde síta, oníkálùkù dúró sórí koríko rẹ̀ tó bára dọ́gba.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi omi sí i lára ní apá méjèèjì. Mọ́mì dúró tì í. Kò sunkún. Ó ń bi í ní ìbéèrè bí ó ṣe ń bi àwọn aláìsàn rẹ̀.

"Kí lẹ mu?"

"Oògùn kan ni."

"Èwo?"

"Bàrà... bàrà àwọn Íńdíà."

"Ta ló júwe rẹ̀ fún yín?"

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, báàgì Mọ́mì wà lọ́wọ́ mi. Dádì yí orí, ó wò mí. Ojú rẹ̀ kò pẹ́ lára mi. Ó yí i padà.

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i."

"Ta ló bá yín rẹ̀ ẹ́? Mo rí ike wàrà yẹn. Omidùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibi tí mò ń gbé iyọ̀ sí, ẹ̀yin lẹ rẹ omidùn?"

"Èmi ni. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀."

Mo rò pé ó parí. Mo rò pé yóò kọjú sí mi. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ẹni tí wọn kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í fura sí i náà. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí n gbé báàgì òun wá.

Dókítà rẹ̀ wá, Íńdíà tó ń fi oògùn pamọ́ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Dádì mu, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, èso yẹn ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn tí wọn kò bá fẹ́ jẹun. Ó ní omi tó jáde lára Dádì ti mi kíndìnrín rẹ̀, àti pé ṣúgà tí a rò pé ó ń jáde, òkè ló ń gùn, nítorí hóró tó pa tì. Kò tún sí àyẹ̀wò tí wọ́n ń dúró dè. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nínú ikùn. Ó di ojú. Ó di ọwọ́ mi mú, èmi tí mo gbé e débẹ̀.

Ìjọ gbàdúrà fún un. Pásítọ̀ ṣe ìwàásù lórí ohun tó dára lójú tó sì burú nínú. Àwọn ọkùnrin ibi mọ́tò wá kí i nílé, oníkálùkù sì ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Èmi sọ fún un pé kó rọra."

"Ṣé ìwọ? Èmi ni mo sọ. Mo ní, Dádì, ṣé dókítà mọ̀ sí i?"

Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kíkankíkan pé kó fún òun ńbẹ̀ ló gba àdúrà ìparí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mọ́mì ṣe òfin. Nítorí pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ ti wá, ó gba fóònù ńlá lọ́wọ́ Dádì, ó fi kékeré kan tí kò lè ṣe ju kó dún lọ rọ́pò rẹ̀. Ó ń kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ó wá rí àwọn hóró tó wú sínú ìkòkò òdòdó, ìyẹn ló bà á nínú jẹ́ jù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ó sọ fún mi ní kíṣìnnì pé kì í ṣe bàrà ló ń dun òun, "Ẹ ṣé, olólùfẹ́" yẹn ni.

Mo la ẹnu. "Mọ́mì..."

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ìwé tí Dádì kà ló pọ̀ jù, ìyẹn ló ń dà á láàmú. Ìwọ tí o ò kàwé lọ títí, o ní làákàyè. Ìwọ nìkan ni mo lè fọkàn tán nínú ilé yìí." Ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn sí mi lọ́wọ́. "Tí n kò bá sí ńlé, ìwọ ni kí o máa fún un. Dúró tì í kó gbé e mì. Kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè, kí o yẹ ibẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ náà, kí o rí i pé ó wọlé. Kí lo fẹ́ sọ?"

"Kò sí, mà."

Báyìí ni mo ṣe di wọ́dà Dádì. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó la ẹnu gbàgà sí mi, ó gbé ahọ́n sókè, ó tún yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Ọ̀gá wọ́dà, ṣé ẹ rí nǹkan kan?"

"Dádì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wo abẹ́ eyín. Àwa ọ̀daràn pọ̀ ní ọgbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n sọ fún Mọ́mì pé èmi ni mo purọ́, pé obìnrin náà sọ fún mi kedere pé wọn kì í mu ún. Ìgbà yẹn ni òun náà kọ́kọ́ gbọ́ pé irọ́ ni. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá ní:

"Tí o bá sọ fún un, níbo lo máa sùn?"

Mo ń yí kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn ká lọ́wọ́.

"Ó dáa. Mú abẹ́rẹ́ wá, jẹ́ kí a ṣe é kó tán."

Mo fi ìyẹn ṣe àwáwí fún ara mi fún oṣù púpọ̀. Mo ní Dádì fúnra rẹ̀ ló ní kí n má sọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sọ pé kí n má sọ. Ìbéèrè ló bi mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Suitland wá kí i, ọkùnrin tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí, tó ṣì ń pè é ní ọ̀gá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń rántí àwọn tí wọ́n lé kúrò níṣẹ́ àti àwọn tó yẹ kí wọ́n lé. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn Dádì kó ga bẹ́ẹ̀. Àkókò oògùn sì tó. Mọ́mì wà nílé, òun ló gbé omi àti hóró wá. Dádì gbé e mì, ó fẹ́ máa bá ìtàn lọ.

"Ẹ la ẹnu, Dádì."

"Mọ́mì, mo ti gbé e mì."

"Mo mọ̀. Ẹ la ẹnu."

Ó wo àlejò. Ó wo ibi tí mo dúró sí nítòsí ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè níwájú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Àlejò náà tẹjú mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì lọ tán, kò sí ẹni tó rántí ibi tí ìtàn dé mọ́.

Mọ́mì ò ṣe àìdáa. Ẹni tó rò pé ọkọ òun dá wá májèlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó dá a rẹ̀, tó sì ń fi ẹ̀rín tan òun jẹ lárààárọ̀, kí ló tún kù kó ṣe? Ṣùgbọ́n ìdajì ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fi ń yẹ Dádì lẹ́nu wò, tèmi ni. Hóró inú òdòdó jẹ́ tirẹ̀, yóò jíhìn rẹ̀. Májèlé náà kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè yàrá ní Langley Park, nítòsí ibi iṣẹ́. Mo sì mọ̀ pé ìyẹn náà ń di ọ̀nà láti sún un síwájú, pé n kò ní láti dúró di ìgbà tí mo bá rí yàrá. Ohun tí mo jẹ Dádì ni pé kí n jókòó níwájú ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí òun náà wà níbẹ̀, kí n sọ ẹni tó rẹ omidùn yẹn àti ohun tí wọ́n sọ fún un kó tó rẹ̀ ẹ́. N kò tíì ṣe é. Láàárọ̀ yìí, mo tún ní kí ó la ẹnu, ó là á, mo sì wò ó.